Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú, lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inú ilé tí kò tẹ àwọ̀ mọ́

   

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ ìwé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ní ìpàdé tí a ti ń jíròrò lórí ọ̀nà, omi ẹ̀rọ àti ilé ìwòsàn, kí ni ti ẹ̀rọ kékeré kan tí ó jókòó sórí tábìlì? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìwé náà dé ìparí, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Ẹgbẹ́ rà sí yàrá ìkàwé ìlú, èyí tí àwọn ọmọ wa fi ń tẹ fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ àti àwòrán iṣẹ́ wọn, kò tẹ àwọ̀ dáadáa mọ́ láti ìgbà ọyẹ́. Dúdú nìkan ni ó ń tẹ̀ bí ó ti yẹ. Àbá méjì ni ó sì wà níwájú ìpàdé ọ̀la. Èkíní ni pé kí a gbé ẹ̀rọ náà jù nù, kí a dá owó ra òmíràn. Èkejì, èyí tí ó wúwo lọ́kàn mi jù, ni pé kí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tọ́jú yàrá náà, nítorí pé wọ́n ní òun ni ó bà á jẹ́.

Èmi kì í ṣe ẹlẹ́rọ. Bí mo bá mọ ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyà ni ó kọ́ mi, ìtìjú ni kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá mi lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Èmi ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi gbé títẹ ìwé ètò ìsìnkú lé lọ́wọ́, nítorí pé èmi ni mo ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nílé. Àwòrán tí a yàn ni èyí tí ìyá wọ alààrì, tí iyùn sì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí mo tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́, alààrì ti di àwọ̀ ewé gbígbẹ, iyùn ti di ìyeyè, ojú ìyá mi sì rí bí ojú ẹni tí àìsàn ti jẹ tán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wo ìwé náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, kò sọ ohunkóhun.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a ṣe ìsìnkú. Mo sáré lọ ra kátíríìjì pupa tuntun. Mo fi sí i. Kò sí ìyàtọ̀. Mo padà sí ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tí ó tà á fún mi, mo sì pè é ní oníjìbìtì lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ń bẹ̀ mí pé ojúlówó ni. N kò gbọ́. Mo lọ ra òmíràn ní ibòmíràn, mo sì ra ti àwọn àwọ̀ yòókù mọ́ ọn. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Níkẹyìn, mo gbé iṣẹ́ náà lọ sí Ìbàdàn, mo san owó gọbọi, mo sì fi ìbínú gbé ẹ̀rọ mi jù sí ẹ̀yìnkùlé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ àbúrò mi kan tí ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun máa gbé e lọ. Ní ọjọ́ kẹta ó mú ìwé kan wá fún mi. Ìyá mi ni mo rí, nínú alààrì rẹ̀, pupa fòò bí ó ti rí lójú ayé. Mo bi í léèrè iye tí ó ná. Ó ní òun kò ná kọ́bọ̀. Ihò tí tàdáwà pupa ń gbà jáde ni ó dí. Ó mú kí ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í sílẹ̀ kí ó sinmi mọ́jú, ó tún un fọ̀, ọ̀nà sì là. Kátíríìjì tí mo rà kò ní àbùkù kankan. Oúnjẹ ni mo ń gbé fún ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí.

Mo padà lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin ọlọ́jà yẹn. Ó dárí jì mí. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà tí wọ́n gbọ́ èébú kò sí níbẹ̀ mọ́ láti gbọ́ àforíjì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ìtumọ̀ òwe àwọn baba wa pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ẹ jẹ́ kí a wádìí àrùn kí a tó ra oògùn, kí a sì wádìí ẹjọ́ kí a tó dá ènìyàn lẹ́bi. Ìwádìí náà kò le. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe é.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ TI Ń ṢIṢẸ́

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ láàrin wa. Ọ̀kan ń lo ìyẹ̀fun tí a ń pè ní tónà; n kò sọ ti ìyẹn lónìí. Èkejì ń tu tàdáwà olómi sára bébà. Òun ni a ń pè ní inkjet, òun ni ó sì wà ní ilé púpọ̀ jù.

Nínú rẹ̀ ni ohun kan wà tí ń lọ tí ń bọ̀ lórí bébà bí ọ̀kọ̀ ti ń lọ tí ń bọ̀ nínú òfì. Òun ni orí ẹ̀rọ. Lábẹ́ orí yìí ni àwọn ihò wẹ́wẹ́ wà lọ́pọ̀lọpọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tín-ín-rín ju irun orí ènìyàn lọ. Láti inú wọn ni ẹ̀kán tàdáwà ti ń fò jáde.

Kí ni ń tì í jáde? Ọ̀nà méjì ni. Ní ọdún 1977, ní ilé iṣẹ́ Canon ní ilẹ̀ Jàpáánì, irin gbígbóná tí a fi ń jó òjé ṣèèṣì kan abẹ́rẹ́ kan tí tàdáwà wà nínú rẹ̀, tàdáwà sì tú jáde lọ́gán. Ọ̀gbẹ́ni Ichiro Endo, tí ń ṣe ìwádìí níbẹ̀, rí i pé ooru lè ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ kò lè ṣe. Ilé iṣẹ́ HP ní Amẹ́ríkà náà ṣàwárí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ ThinkJet jáde ní ọdún 1984. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ooru a mú kí tàdáwà hó fún ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó nǹkan, ìhó náà a sì ti ẹ̀kán kan síta. Ọ̀nà kejì ni ti Epson: kò sí ooru níbẹ̀, bí kò ṣe ohun líle kékeré kan tí ń tẹ̀ kọdọrọ nígbà tí iná mànàmáná bá kàn án, tí ó sì ń fún tàdáwà jáde bí ìgbà tí a bá fún ọsàn.

Nínú ọ̀nà méjèèjì, omi ni ó pọ̀ jù nínú tàdáwà náà. Bí omi bá gbẹ kúrò, ohun tí ó kù a lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn púpọ̀ wà.

Nípa ti àwọ̀, tàdáwà mẹ́rin ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé: dúdú, ìyeyè, aró fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dà bí ojú sánmà, tí a kọ Cyan sí lára, àti pupa kan tí ó dà bí omi ìsápá, tí a kọ Magenta sí lára. Láti inú mẹ́ta tí kì í ṣe dúdú ni gbogbo àwọ̀ yòókù ti ń jáde. Èyí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá ti wo aláró rí mọ̀ pé bí a bá ti aṣọ ìyeyè bọ inú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ni yóò yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ń ṣe. Ìyeyè àti aró di àwọ̀ ewé. Ìyeyè àti omi ìsápá di pupa bí ẹ̀jẹ̀. Aró àti omi ìsápá di àwọ̀ àlùkò.

Nítorí náà, bí ọ̀kan nínú mẹ́ta bá ṣàìjáde, àwòrán fúnra rẹ̀ yóò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Bí Magenta ni kò sí, ohun pupa a di ìyeyè, ojú ènìyàn a sì dà bí ewé. Bí aró ni kò sí, ojú sánmà a di funfun, ewé a di ìyeyè, gbogbo àwòrán a sì pọ́n. Bí ìyeyè ni kò sí, ewé a di aró, ojú ènìyàn a sì fara jọ àlùkò.

Ẹ tún kíyè sí i pé dúdú ní ihò tirẹ̀ àti tàdáwà tirẹ̀. Pé ẹ̀rọ ń tẹ dúdú kirikiri kì í ṣe ẹ̀rí pé ihò àwọ̀ là, bẹ́ẹ̀ ni pé kò tẹ àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti kú.

ÌWÁDÌÍ NÍ ẸSẸẸSẸ

Ìlànà mi ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kò ná wa ní kọ́bọ̀, kí a tó dé orí èyí tí ń náni lówó.

Èkíní, ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá ní gíláàsì tí a fi ń ṣe àdàkọ, ẹ mú ìwé kan tí ó ní àwọ̀ púpọ̀, bóyá kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, ẹ dojú rẹ̀ dé gíláàsì, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì àdàkọ aláwọ̀. Mo ní aláwọ̀, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bọ́tìnnì méjì ni ó wà, ti dúdú àti ti àwọ̀. Ẹni tí ó bá tẹ ti dúdú kò gbọdọ̀ bínú pé òun kò rí àwọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ń bi ẹ̀rọ níhìn-ín: ṣé ìwọ ni, tàbí ẹni tí ó ń rán ọ níṣẹ́? Bí àwọ̀ bá jáde dáadáa, ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Ẹni tí ń rán an níṣẹ́ ni kí a mú.

Èkejì, bí ẹ̀rọ kò bá jẹ̀bi, ẹ yẹ àṣẹ tí a fi ń ránṣẹ́ sí i wò. Nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó tẹ̀wé, ẹ ṣí ibi tí a kọ Properties tàbí Preferences sí, kí ẹ wò bóyá ẹnìkan ti fi àmì sí Grayscale, tàbí Black and White, tàbí Monochrome. Nínú ẹ̀rọ HP, ẹ lè rí Black Ink Only. Ẹnìkan nínú ilé lè ti yàn án kí tàdáwà má bàa tán, kí ó sì gbàgbé. Ẹ rántí pé ibi méjì ni àmì yìí lè wà: inú ètò ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, àti inú ètò tí a fi ṣí ìwé náà. Adobe Reader, fún àpẹẹrẹ, ní àmì grayscale tirẹ̀. Ẹni tí ó ń tẹ̀wé láti inú fóònù kí ó wò ó níbẹ̀ pẹ̀lú. Tí kò bá sí irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹ yọ orúkọ ẹ̀rọ náà kúrò nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí àdàkọ kò bá ní àwọ̀, tàbí bí ẹ̀rọ yín kò bá ní gíláàsì, ẹ ṣe ìdánwò ihò. Nozzle Check ni a ń pè é, tàbí Print Quality Report, ẹ ó sì rí i lábẹ́ ọ̀rọ̀ Maintenance. Bébà kan ni yóò gbà, tàdáwà tí yóò lò kò sì tó nǹkan. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, yóò fa ìlà wẹ́wẹ́ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú ti HP, ó lè jẹ́ ìgbànú àwọ̀ gbọọrọ. Ẹ kà á bí dókítà ti ń ka àwòrán egungun. Bí ìlà gbogbo bá pé, ihò là, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì. Bí ìlà bá já ní ibìkan síbìkan, ihò kan ti dí. Bí odindi àwọ̀ kan kò bá sí rárá, ó lè jẹ́ pé tàdáwà rẹ̀ ti tán, tàbí pé afẹ́fẹ́ ti wọ ọ̀nà rẹ̀, tàbí pé gbogbo ihò rẹ̀ ni ó dí. Ìwé yìí ni ẹlẹ́rìí wa. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ má sì gbé e jù nù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yẹ tàdáwà wò. Bí ti táǹkì bá ni, ẹ fi ojú yín rí i pé tàdáwà kò lọ sílẹ̀ ju ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ má gba ẹ̀rí àwòrán orí kọ̀ǹpútà nìkan. Bí ti kátíríìjì bá ni, ẹ yọ ọ́ wò. Mo ti rí tuntun tí ẹni tí ó fi í sí i kò ya sẹ́lótéèpù tí ó bo ihò rẹ̀ tàbí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé ó jókòó dáadáa, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ tí kò ní fọ́nrán nu ojú bàbà rẹ̀, bí ó bá ní. Ẹ má fi ìka kàn án. Ní àwọn ẹ̀rọ HP kan, bí a bá yọ kátíríìjì àwọ̀ kúrò, ẹ̀rọ kò ní dá iṣẹ́ dúró. Yóò máa fi dúdú nìkan tẹ̀ ẹ́, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì rò pé àrùn ni. Ẹ sì rántí pé kátíríìjì mìíràn wà tí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń gbé inú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá tán nínú wọn, gbogbo rẹ̀ ni a ó pààrọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí tàdáwà bá wà, tí ìlà sì já, ẹ pàṣẹ fún ẹ̀rọ kí ó fọ orí rẹ̀. Head Cleaning ni orúkọ rẹ̀, ibi tí ìdánwò ihò wà ni òun náà wà. Níbi yìí ni sùúrù ti ṣe pàtàkì. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún ìdánwò ihò ṣe. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ tún un ṣe. Bí kò bá tíì là lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ fi bọ́tìnnì rẹ̀ pa á, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ìwé ìlànà àwọn ẹ̀rọ Epson kan ní kí ó sinmi fún wákàtí 6, ti àwọn mìíràn ní wákàtí 12. Nínú ìsinmi yìí ni tàdáwà tí ó gan yóò máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí afẹ́fẹ́ yóò sì wá ọ̀nà jáde. Ẹni tí ó ń fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́wàá léraléra kò tún nǹkan kan ṣe. Tàdáwà ni ó ń dà nù. Gbogbo èyí tí ẹ̀rọ fi fọ orí ni ó ń dà sínú kàn-ìnkàn-ìn kan lábẹ́ rẹ̀, nígbà tí ìyẹn bá sì kún, ẹ̀rọ yóò dá iṣẹ́ dúró pátápátá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹ̀kẹfà, bí gbogbo èyí bá kùnà, ẹ wá mọ ibi tí orí ẹ̀rọ yín wà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ HP àti Canon kékeré, ara kátíríìjì gan-an ni orí wà. Kátíríìjì tuntun jẹ́ orí tuntun. Kí ẹ tó ra tuntun, ẹ lè gbé ẹnu ihò rẹ̀ lé aṣọ funfun tí a fi omi mímọ́ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì rọra nù ún. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ Epson, ti Brother, àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó gíga, inú ẹ̀rọ ni orí wà. Níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún kátíríìjì kò lè wo orí tí ó dí sàn. Èyí ni n kò mọ̀ ní ọjọ́ ìyá mi. Ìgbà tí a bá dé ìhín ni ó tó àkókò láti pe oníṣẹ́, kí a sì fi iye tí yóò gbà wé iye ẹ̀rọ tuntun.

OHUN TÍ Ń FA ÌDÍ

Ẹ ó bi mí pé kí ni ó ń mú ihò dí. Àìlò ni olórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó jókòó fún oṣù mẹ́ta láìtẹ àwọ̀ dà bí kànga tí a kò fà. Èkejì ni ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ń fa ètè wa ya náà ni ń fa omi inú tàdáwà gbẹ.

Ẹ̀kẹta ni a kì í sábà rò. Nígbà tí a bá fi bọ́tìnnì ẹ̀rọ pa á, orí rẹ̀ a padà sí àyè rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìdérí rọ́bà a sì bo àwọn ihò kí wọ́n má bàa gbẹ. Ṣùgbọ́n bí iná ìjọba bá lọ lójijì nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, tàbí bí a bá pa á láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì, orí náà lè dúró sí àárín ọ̀nà láìní fìlà. Bí iná kò bá dé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wo ohun tí ọyẹ́ yóò ti ṣe. Nítorí náà, nígbàkígbà tí iná bá dé padà, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí ó parí ariwo rẹ̀, kí ẹ sì fi bọ́tìnnì rẹ̀ pa á. Kí ẹ sì máa tẹ ojú ìwé kan tí ó ní gbogbo àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Tàdáwà tí èyí yóò jẹ kéré sí èyí tí fífọ orí yóò jẹ.

Nípa tàdáwà tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ, n kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ó burú. Àwọn kan ń lò ó, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n dídára wọn kò dọ́gba, kò sì yẹ kí a da oríṣi kan lu òmíràn nínú táǹkì kan. Ẹni tí ń bu tàdáwà sí táǹkì kí ó ka àwọ̀ tí a kọ sí ìgò kí ó tó ṣí i. Ìgò àṣìbù kan lè ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́.

Ẹ̀RỌ ẸGBẸ́ WA

Mo wá kan orí ọ̀rọ̀ tí ó kó wa jọ. Àná ni mo dé ìlú. Èmi, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a jọ jókòó ti ẹ̀rọ Ẹgbẹ́ ní yàrá ìkàwé. Oní-táǹkì ni, orí rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. A ṣe àdàkọ kàlẹ́ńdà kan: ojú sánmà rẹ̀ di funfun, àwọn igi rẹ̀ di ìyeyè. Kí a tó ṣe ìdánwò ihò ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ti sọ pé, “Aró ni kò sí, sà.” Òótọ́ ni. Nínú ìdánwò náà, dúdú pé, ìyeyè pé, Magenta já ní ibi mẹ́ta, ti aró kò sì ju ìlà méjì lọ. A wo táǹkì aró: ó dé ìdajì. Tàdáwà wà, ọ̀nà ni ó dí.

A fọ orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìlà márùn-ún padà. A tún un fọ̀, ó lé díẹ̀ ní ìdajì. A pa á, a sì lọ sùn. Ní òwúrọ̀ yìí, lẹ́yìn wákàtí 12, a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Magenta ti pé. Ti aró ku ìlà mẹ́ta kí ó pé. Àwọn ìwé ìdánwò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyí lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí lára wọn. Mo fi wọ́n lé Alága lọ́wọ́. N kò ní purọ́ fún yín pé ó ti sàn tán. Ṣùgbọ́n òkú kọ́ ni.

Mo tún bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà léèrè bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ó mú ìwé tí ó ń kọ ìròyìn yàrá náà sí jáde. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná lọ nígbà tí àwọn ọmọ ń tẹ̀wé ní oṣù Kejìlá, àti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni kò sí iná àti owó epo jẹnẹrétọ̀. Ó kọ ọ́ pé òun kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí rẹ̀. Èmi náà wà nínú ìgbìmọ̀ yìí láti ẹ̀ka Èkó; ẹ̀dà ìwé náà dé ọ̀dọ̀ mi, n kò sì fèsì. Ẹ̀yin ará mi, ta ni ó ba ẹ̀rọ jẹ́? Ẹ jẹ́ kí a má tún ṣe ohun tí mo ṣe fún ọmọ ọlọ́jà yẹn.

Nítorí náà, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ gbé àbá mẹ́rin kalẹ̀ dípò méjì. Kí a sún ìdìbò lórí ríra ẹ̀rọ tuntun síwájú fún oṣù kan, kí a sì parí ìtọ́jú èyí. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ sì fi ìwé kí i fún ìròyìn tí ó ń kọ. Kí a ya owó epo díẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ̀rọ má bàa lo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìtẹ àwọ̀. Kí a sì lẹ àwọn ìgbésẹ̀ mẹ́fà tí mo kà yìí mọ́ ara ògiri yàrá ìkàwé ní èdè Yorùbá, kí ọmọ èyíkéyìí lè tẹ̀ lé e.

Bí ó bá di oṣù tí ń bọ̀ tí ìlà mẹ́ta yẹn kò padà, èmi gan-an ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ pé kí a ra tuntun. Ṣùgbọ́n a ó ti mọ ìdí tí a fi ń rà á, a ó sì mọ bí a ó ti ṣe tọ́jú rẹ̀ kí ó má bàa kú irú ikú kan náà. Ẹ̀rọ tuntun lọ́wọ́ ẹni tí kò yí ìwà padà, ẹ̀rọ àtijọ́ ọ̀la ni.

 Kí Olódùmarè jẹ́ kí ìlú wa máa tòrò, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jèrè ìwé tí wọ́n ń kà.